Ẹni Tí Yóò Dáná Ni Kí Ó Yan Ilé Ìdáná

Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àgbà sọ ní Obbo-Ayégúnlẹ̀, Ìpínlẹ̀ Kwara

  

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìdìbò, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ owó orí. Ọ̀rọ̀ ilé ìdáná ni. Bí ẹnìkan bá ń rẹ́rìn-ín pé, "Ṣé ìyẹn náà tó ohun tí à ń pe ìpàdé lé lórí?" ẹ jẹ́ kí a bi olúwarẹ̀ léèrè. Níbo ni ìyá rẹ ń wà láti òwúrọ̀ títí di alẹ́? Níbo ni owó oúnjẹ ń lọ? Níbo ni iná ti lè ràn mọ́ ilé? Ilé ìdáná náà ni.

Nǹkan tuntun kan ti dé sí àwọn ìlú wa. Àwọn ọmọ wa tí ń ṣiṣẹ́ ní Ìlọrin, ní Èkó, ní Àbújá àti ní òkè òkun ń tún ilé bàbá wọn ṣe. Wọ́n á fi páànù tuntun bo ilé, wọ́n á tẹ́ táìsì sílẹ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n á ní, "A fẹ́ ra kíṣìnì ìgbàlódé fún Màámi." Ohun tí ó dára ni, a kì í bú ọmọ tó bá ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n owó ńlá ni. Ohun tí a bá sì ti kàn mọ́ ògiri kò ṣeé dá padà fún ọlọ́jà mọ́. Nítorí náà, ó yẹ kí a mọ ohun tí à ń rà kí a tó sanwó.

KÍ NI NǸKAN NÁÀ?

Àwọn Òyìnbó ń pe irú ilé ìdáná yìí ní modular kitchen. Àwa yóò máa pè é ní ilé ìdáná alápòótí, nítorí àpótí ni wọ́n fi ń tò ó. Ní àtijọ́, àpótí tí a mọ̀ ní ilé ìdáná ni èyí tí ìyá ń jókòó lé bí ó bá ń rokà. Ti ìsinsìnyí yàtọ̀. Kọ́bọ́ọ̀dù ni wọ́n, ọ̀kọ̀ọ̀kan dá dúró, ó ní ilẹ̀kùn tàbí dúrọ́ọ̀ tirẹ̀. Wọ́n á to mẹ́ta, mẹ́rin tàbí márùn-ún sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Wọ́n á fi pákó tàbí òkúta bo gbogbo orí wọn, yóò di tábìlì gígùn kan. Wọ́n á gbé àwọn mìíràn kọ́ sára ògiri lókè. Inú ọ̀kan ni síǹkì máa ń wà, orí òmíràn ni sítóòfù ń gbé.

Àwọn àpótí wọ̀nyí ní ìwọ̀n. Ìbú wọn lè jẹ́ 30, 40, 45, 50, 60, 80 tàbí 90 sẹ̀ntímítà. Láti iwájú wọn dé ẹ̀yìn máa ń tó 60 sẹ̀ntímítà. Gíga wọn pẹ̀lú orí tábìlì máa ń wà láàárín 85 sí 90. Nítorí pé ìwọ̀n wọn bára mu, a lè ra méjì lọ́dún yìí, kí a fi ẹyọ kan kún un lọ́dún tí ń bọ̀. Àǹfààní ńlá nìyí fún àwa tí owó wa kì í dé lẹ́ẹ̀kan náà.

IBI TÍ ỌGBỌ́N NÁÀ TI WÁ

Lẹ́yìn ogun àgbáyé kìíní, tí ó parí ní ọdún 1918, ilé wọ́n púpọ̀ ní ilẹ̀ Jámánì. Ìlú Frankfurt bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ilé kéékèèké tí apá òṣìṣẹ́ lè ká. Ní ọdún 1926, obìnrin kan tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ yíya àwòrán ilé ṣe ètò ilé ìdáná fún àwọn ilé náà. Orúkọ rẹ̀ ni Margarete Schütte-Lihotzky.

Ẹ gbọ́ ohun tí obìnrin yìí ṣe. Kì í ṣe pákó ni ó kọ́kọ́ mú. Iṣẹ́ ni ó kọ́kọ́ kà. Ó fi aago wọn àkókò tí iṣẹ́ ilé ìdáná ń gbà. Ó wo ìrìn tí ẹni tó ń dáná ń rìn. Lẹ́yìn èyí ni ó tó ya ilé ìdáná kan tí ìbú rẹ̀ kò pé mítà 2, tí gígùn rẹ̀ kò sì pé mítà 3 àti ààbọ̀. Gbogbo nǹkan wà ní àrọ́wọ́tó. Ó fi àwọn dúrọ́ọ̀ kéékèèké onírin sí i, a sì kọ orúkọ ohun tó wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan sí i lára, bí ìrẹsì àti ṣúgà. Wọ́n kọ́ irú ilé ìdáná yìí sí ilé bí 10,000 ní Frankfurt. Òun ni ìyá-ńlá àwọn ilé ìdáná alápòótí tí a ń rí lónìí.

Ṣùgbọ́n ẹ má tí ì pàtẹ́wọ́ tán. Ilé ìdáná náà há. Ẹnìkan ṣoṣo ni ó lè ṣiṣẹ́ níbẹ̀ dáadáa. Àwọn ìdílé tí ó ti mọ́ lára láti jókòó jẹun níbi tí wọ́n ti ń dáná kò rí àyè tábìlì wọn mọ́. Obìnrin tí ó ṣe ètò náà sì sọ ní ọjọ́ ogbó rẹ̀ pé òun fúnra òun kì í dáná rárá kí òun tó ṣe é.

Ẹ̀kọ́ méjì ni èyí kọ́ wa. Ìkíní, iṣẹ́ ni kí a kọ́kọ́ kà, kì í ṣe pákó. Ìkejì, ohun tí ó bá ará Frankfurt mu lè má bá ará Obbo mu. Nítorí náà, ẹni tí yóò dáná ni kí ó yan ilé ìdáná. Kì í ṣe ọmọ tó wà l'Ékòó. Kì í ṣe káfíńtà. Kì í sì í ṣe àlejò tí yóò wò ó lẹ́ẹ̀kan, tí yóò sì máa lọ.

Ẹ KA IṢẸ́ YÍN

Ẹ mú ìwé àti pẹ́ńsùlù. Fún ọjọ́ mẹ́ta, ẹ kọ gbogbo iṣẹ́ tí ẹ ń ṣe ní ilé ìdáná sílẹ̀: bíbẹ iṣu, gígún iyán, ríro ọkà, lílọ ata, fífọ ẹ̀fọ́, fífọ abọ́. Ẹ kọ iye ènìyàn tí ń bá yín ṣe é. Ẹ kọ ìkòkò tí ó tóbi jù tí ẹ ń lò.

Lẹ́yìn èyí, ẹ wo ibi mẹ́ta: ibi tí oúnjẹ wà, ibi tí omi wà, àti ibi tí iná wà. Àárín ibi mẹ́ta yìí ni ẹsẹ̀ wa ń pààrà lójoojúmọ́. Ní àwọn ọdún 1940, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Illinois ní Amẹ́ríkà fi ara balẹ̀ wo ọ̀rọ̀ yìí. Ìlànà tí a ń tẹ̀ lé láti ìgbà náà ni pé, bí a bá rìn láti ibi oúnjẹ dé ibi omi, láti ibi omi dé ibi iná, tí a sì padà sí ibi oúnjẹ, kí gbogbo rẹ̀ má dín ní ẹsẹ̀ bàtà 13, kí ó má sì ju 26 lọ. Bí ó bá jìn jù bẹ́ẹ̀, orúnkún yóò sọ fún yín. Bí ó bá há jù bẹ́ẹ̀, ẹ ó máa kọlu ara yín.

Ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò. Ní ọjọ́ Kérésì, ní ọjọ́ Iléyá, ní ọjọ́ ìnáwó òkú, ta ni í dá nìkan dáná nínú wa? Ìyàwó ilé á wà níbẹ̀, ìyá ọkọ á wà níbẹ̀, àwọn ọmọ á máa kó abọ́ wọlé, wọ́n á máa kó o jáde. Nítorí náà, bí àpótí bá wà ní ọ̀tún àti ní òsì, kí àyè tó wà láàárín wọn tó ẹsẹ̀ bàtà 4, kí ènìyàn méjì lè kọjá lára ara wọn láìda ọbẹ̀ nù.

Ẹ MÁ GBÀGBÉ ODÓ, Ẹ MÁ GBÀGBÉ ÈÉFÍN

Kò sí àpótí tí ó gba odó. Bí a bá ń gún iyán lórí táìsì, táìsì yóò fọ́. Ẹ jẹ́ kí bírìkìlà fi kọnkéré líle ṣe ojú kan fún odó, bóyá lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé. Ẹ tún rántí àjà tó wà lókè ààrò àtijọ́, níbi tí a ń gbé àgbàdo irúgbìn sí kí èéfín máa lé kòkòrò. Bí ẹ bá wó ilé ìdáná àtijọ́, níbo ni irúgbìn yóò máa gbé? Ẹ dáhùn ìbéèrè yìí kí ẹ tó pe awólé.

A ti ń rí ohun kan tí kò dára. Kíṣìnì tuntun á wà nínú ilé, á máa dán. Abọ́ ni wọ́n tò síbẹ̀. Wọn kò dáná níbẹ̀ rí. Ìyá tí wọ́n rà á fún ṣì wà lẹ́yìn ilé, ó bẹ̀rẹ̀, ó ń fẹ́ iná, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Kí ló fà á? Ìkòkò rẹ̀ kò gba orí sítóòfù. Tábìlì ga jù fún un. Owó gáàsì kò sí. Kò sí ẹni tí ó bi í léèrè.

Èéfín yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ojú nìkan. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò pé, ní ọdún 2020, ènìyàn bíi 3,200,000 ni ó kú káàkiri ayé nítorí èéfín àti afẹ́fẹ́ burúkú tó ń wá láti ara iná tí a fi ń se oúnjẹ nínú ilé. Lára wọn ni àwọn ọmọdé tí kò tí ì pé ọdún 5, tí wọ́n lé ní 237,000. Ẹ̀dọ̀fóró àti ọkàn ni ó ń bà jẹ́.

Nítorí náà, ìmọ̀ràn wa nìyí. Bí owó yín bá tó fún nǹkan kan ṣoṣo, èéfín ni kí ẹ kọ́kọ́ lé. Ẹ fi fèrèsé méjì tí ó kọjú síra sí ilé ìdáná. Ẹ ṣe ihò èéfín sókè. Ẹ gbé ààrò ga kúrò nílẹ̀ kí ìyá má bẹ̀rẹ̀ mọ́. Igi gbígbẹ ni kí ẹ máa fi dáná. Ẹ má jẹ́ kí ọmọ ọwọ́ wà lẹ́yìn ìyá níbi tí èéfín wà. Àpótí lè dúró di ọdún tí ń bọ̀.

Ẹ WỌN ARA YÍN

Ìka kò dọ́gba, bẹ́ẹ̀ ni ara wa kò dọ́gba. Kí ẹni tí yóò máa dáná dúró ṣánṣán, kí ó ká ọwọ́ rẹ̀. Ẹ wọn láti ilẹ̀ dé ìgúnpá. Ẹ yọ 4 sí 6 íǹṣì kúrò. Ohun tí ó kù ni gíga tábìlì tí yóò rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Bí ìgúnpá bá wà ní 38 íǹṣì, tábìlì kò gbọdọ̀ ju 32 sí 34 lọ. Àpótí tí wọ́n ń tà lọ́jà sì máa ń tó 36! Ẹ bi ọlọ́jà bóyá ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣeé yí wálẹ̀, tàbí kí káfíńtà gé e kù.

Ti ibi iná tún yàtọ̀. Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò. Tábìlì jẹ́ 36 íǹṣì. Sítóòfù tí a gbé lé e jẹ́ 6. Ìkòkò ọkà jẹ́ 10. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 52. Ẹnu ìkòkò ti bọ́ sí àyà! Báwo ni ìyá yóò ṣe rokà níbẹ̀? Agbára apá rẹ̀ kò ní dé ìsàlẹ̀ ìkòkò, ọkà á sì kókó. Ẹ jẹ́ kí ibi sítóòfù wà nísàlẹ̀ ju ìyókù lọ. Bí a bá fi sí 22 íǹṣì, 22 àti 6 àti 10 jẹ́ 38. Ẹnu ìkòkò dọ́gba pẹ̀lú ìgúnpá. Ìyẹn ni a lè rokà lé.

Ẹ WỌN ÒGIRI

Tépù káfíńtà ní ojú méjì. Íǹṣì wà lójú kan, sẹ̀ntímítà wà lójú kejì. Íǹṣì 1 jẹ́ 2.54 sẹ̀ntímítà. Káfíńtà wa ń sọ íǹṣì, ọlọ́jà ń sọ sẹ̀ntímítà. Ibi tí àṣìṣe ti ń wọlé nìyẹn.

Ká ní ògiri yín jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 10. Ìyẹn jẹ́ 120 íǹṣì, tàbí bíi 305 sẹ̀ntímítà. Àpótí 60 mẹ́rin jẹ́ 240, márùn-ún jẹ́ 300. Ó ku 5, wọn á fi pákó tẹ́ẹ́rẹ́ dí i. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ògiri wa kì í sábà gún. Ẹ wọ̀n ọ́n nísàlẹ̀, ẹ wọ̀n ọ́n láàárín, ẹ wọ̀n ọ́n lókè. Èyí tó kéré jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni kí ẹ lò. Bí òkè bá jẹ́ 305, tí àárín sì jẹ́ 298, àpótí márùn-ún kò ní wọlé mọ́. Ẹni tí kò bá wọn àárín yóò ra ohun tí kò lè lò.

Ẹ YẸ PÁKÓ WÒ

Ọ̀dà dídán lè bo pákó burúkú. Oríṣi mẹ́ta ni ẹ ó sábà rí. Èkíní ni plywood, igi pẹlẹbẹ tí a lẹ̀ mọ́ra ní ìpele ìpele. Èkejì ni MDF, igi tí a lọ̀ kúnná tí a sì tẹ̀ pọ̀. Ẹ̀kẹta ni chipboard, ẹ̀rún igi tí a fi gọ́ọ̀mù pò pọ̀. Owó rẹ̀ ló kéré jù, ṣùgbọ́n bí omi bá kàn án, yóò wú bí ẹ̀kọ tútù, kò sì ní padà sípò mọ́.

Ẹ ní kí wọ́n fún yín ní ẹ̀gé pákó kékeré kan. Ẹ fi sínú omi di òwúrọ̀ ọjọ́ kejì. Ohun tí ẹ bá rí níbẹ̀ ni yóò ṣẹlẹ̀ sí ilé ìdáná yín. Bí owó kò bá tó, kí àpótí abẹ́ síǹkì nìkan jẹ́ plywood dídára, nítorí ibẹ̀ ni omi ń jò sí. Kí gbogbo àpótí ìsàlẹ̀ ní ẹsẹ̀ ike tàbí irin, kí pákó má kan ilẹ̀, kí ikán má rí ọ̀nà gùn ún.

Fún orí tábìlì, òkúta granite le, ó sì dára. Marble lẹ́wà, ṣùgbọ́n omi ọsàn wẹ́wẹ́ àti omi tòmátì ń jẹ ojú rẹ̀. Bí agbára kò bá ká òkúta, ẹ jẹ́ kí bírìkìlà da kọnkéré, kí ó fi táìsì bò ó.

GÁÀSÌ KÌ Í ṢE OHUN ÌṢERÉ

Gáàsì ìdáná wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ. Bí ó bá jò, ilẹ̀ ni yóò sùn sí, tí yóò máa dúró de iná. Nítorí èyí, ẹ má gba kí káfíńtà ti sìlíńdà mọ́ inú àpótí tí kò ní ihò. Ìta ló yẹ ẹ́, lábẹ́ ìbòrí, kí páìpù gba inú ògiri wọlé. Ẹ máa fi omi ọṣẹ pa ibi tí páìpù ti so mọ́ sìlíńdà. Bí ó bá ń hó, ó ń jò nìyẹn. Ẹ má fi ìṣáná wò ó láé! Bí ẹ bá gbóòórùn gáàsì nínú ilé, ẹ ti sìlíńdà pa, ẹ ṣí ilẹ̀kùn àti fèrèsé, ẹ má fọwọ́ kan súìṣì iná, kí gbogbo yín sì jáde.

ÌWÉ TÍ A KỌ́, Ẹ JẸ́ KÍ A LÒ Ó

Ẹ̀yin ará, nígbà tí a kò mọ̀wé, ẹni bá gbé bébà wá la fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ fún. Ìgbà yẹn ti lọ. Kí ẹ tó san kọ́bọ̀ kan, ẹ jẹ́ kí àdéhùn wà ní kíkọ. Kí ó sọ iye àpótí àti ìbú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kí ó sọ irú pákó. Kí ó sọ gíga tábìlì àti gíga ibi sítóòfù. Kí ó sọ iye owó gbogbo, àsansílẹ̀, àti ohun tó kù. Kí ó sọ ọjọ́ tí iṣẹ́ yóò parí, àti ẹni tí yóò tún un ṣe bí ilẹ̀kùn bá yẹ̀. Kí ẹ̀yin àti oníṣẹ́ buwọ́ lù ú, kí ẹlẹ́rìí kan náà buwọ́ lù ú. Ẹ mú ẹ̀dà kan sọ́wọ́. Ẹ kà á sókè kí ẹ tó buwọ́ lù ú. Oníṣẹ́ gidi kò ní bínú sí èyí. Ẹni tí ó bá bínú ti sọ irú ẹni tí òun jẹ́.

Ẹ̀yin tí owó àpótí kò tí ì sí lọ́wọ́ yín, ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ yìí kò kàn yín. Ẹ lè ṣe pẹpẹ kan tí gíga rẹ̀ bá ìgúnpá yín mu. Ẹ lè kó gàrí, ẹ̀wà, èlùbọ́ àti iyọ̀ sínú ike tó ní ìdérí, kí ẹ fi ọwọ́ ara yín kọ orúkọ wọn sí i. Obìnrin Frankfurt nì kọ orúkọ sára dúrọ́ọ̀ kí ọwọ́ má baà ṣìnà. Ẹ̀yin náà lè kọ ọ́ báyìí.

Iṣẹ́ ilé yín nìyí. Kí ìyá kọ̀ọ̀kan kọ iṣẹ́ ilé ìdáná rẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Kí ó kọ ìwọ̀n ìgúnpá rẹ̀ sí ìsàlẹ̀. Ẹ̀yin bàbá, ẹ di tépù mú fún wọn. Bí ọmọ bá wá pe láti ìdálẹ̀ pé, "Màámi, irú kíṣìnì wo ni ká rà?" kí ìyá má wí pé, "Èyí tó bá wù yín." Kí ó mú ìwé rẹ̀ jáde, kí ó kà á fún un.

Ó dàbọ̀ o. Oúnjẹ wa kò ní ṣòfò.